Ṣé O Mọ̀? Ewì Róòmù Tó Ń Ti Ẹnu Dé Ẹnu

Ṣé o mọ̀ pé ìtumọ̀ ni ewì akọni àwọn ará Róòmù fi bẹ̀rẹ̀? Livius Andronicus, ọmọ Gíríìkì tí wọ́n ní wọ́n mú lẹ́rú láti Tarentum ní gúúsù Itálì, ló gbé ìtàn ìrìn-àjò Odysseus tí Homer fi Gíríìkì sọ, tó sì yí i sí Látìnì, ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Ẹrú ni, àlejò ni, tíṣà ni. Òun sì ni bàbá lítíréṣọ̀ Róòmù. Ìwé ọ̀hún di ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé. Horace, tó di gbajúmọ̀ akéwì lẹ́yìn náà, kò gbàgbé pé pàṣán ni Orbilius, tíṣà òun, fi tì í wọ inú ewì Livius.

Ṣé o mọ̀ pé Ennius, ẹni tó tẹ̀lé e, máa ń fọ́nnu pé ọkàn mẹ́ta ni òun ní? Èdè mẹ́ta ló gbọ́: Gíríìkì, Oscan àti Látìnì. Òun ló kó ìlù ewì Gíríìkì wọ inú Látìnì, tó fi kọ ìtàn Róòmù ní apá 18, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí 600 ìlà péré ló kù nínú rẹ̀ lónìí. Bí a bá ní ká fi ìwọ̀n Ennius wọn ìyá tó ń tajà ní Ifọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ń fi Ẹ̀gbá bú ọmọ, tó ń bá oníbàárà sọ Ègùn, tó ń fi pijin ná ọjà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ọkàn tirẹ̀ náà á pé mẹ́ta.

Ṣé o mọ̀ pé Virgil, ọ̀gá gbogbo wọn, kò kọ tó ìlà mẹ́ta lójúmọ́? Ewì rẹ̀ tó ń jẹ́ Aeneid ní apá 12 àti ìlà 9,896. Ọdún 11 ló fi wà lórí rẹ̀. Pín in wò. Síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀ ní Brundisium ní ọdún 19 ṣáájú ìbí Jésù, ó ní kí wọ́n gbé ewì náà wá kí òun jó o níná. Wọn ò gbé e fún un. Ó kú, Ọba Augustus sì pàṣẹ fún ọ̀rẹ́ Virgil méjì, Varius àti Tucca, pé kí wọ́n gbé e jáde bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlà kan fi dá sí àárín nínú rẹ̀ títí dòní. Àìgbọràn yìí dára jù. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ olóògbé, kò sí ohun tí à bá máa túmọ̀.

Wọ́n tún ní nígbà tí Virgil ń ka apá kẹfà fún Augustus àti Octavia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó sì dé ibi tí orúkọ Marcellus ti jáde, ọmọ Octavia tó kú ní rèwerèwe, dídákú ni ìyá náà dákú. Ìwé ò tíì jáde nígbà náà o. Ohùn lásán ni.

Kí ni ìtàn ọ̀hún gan-an? Àwọn Gíríìkì dó ti ìlú Troy fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n fi ẹ̀tàn wọ̀ ọ́, wọ́n sun ún. Aeneas, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun ìlú náà, kó àwọn tó ṣẹ́kù, wọ́n rìn gbéregbère lórí òkun fún ọdún méje, kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Itálì. Níbẹ̀ ni ìran rẹ̀ ti wá di Róòmù. Ìtàn ìsáǹsá ni. Ìlú tó jẹ gàba lé ìdajì ayé lórí ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ àwọn tí ogun lé nílé ni òun.

Dúró díẹ̀ ní apá kejì, kí o wo bí wọ́n ṣe jáde nílé lóru ọjọ́ náà. Bàbá Aeneas, Anchises, ti darúgbó, kò lè rìn. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ kí òun kú sílé òun. Ọmọ ní òun ò lọ bí bàbá ò bá lọ. Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni iná kan ti ràn ní orí ọmọ ọmọ bàbá náà, kò jó o, ìràwọ̀ kan sì já kọjá lójú ọ̀run. Bàbá gbà pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun. Aeneas tẹ́ awọ kìnnìún sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀, bàbá gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó ń sáré tẹ̀lé e nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn tó ti bàbá rẹ̀. Ìyàwó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn òrìṣà ilé ńkọ́? Bàbá ló gbé wọn lọ́wọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ogun wà lọ́wọ́ Aeneas, èèwọ̀ ni kó fi kan wọn títí yóò fi wẹ̀ nínú omi tó ń ṣàn. Ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá? Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n fi àdéhùn sí, lẹ́bàá igi sípírẹ́sì àtijọ́ kan, wọ́n ka ara wọn: ìyàwó kò sí níbẹ̀. Aeneas padà sínú iná, ó ń pariwo orúkọ Creusa káàkiri òpópónà. Òjìji rẹ̀ ló bá pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló nawọ́ gbá a mọ́ra, ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú òfo.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán bàbá lórí ẹ̀yìn ọmọ yìí wà lára owó? Julius Caesar, tó ní ìran Aeneas ni òun, tẹ̀ ẹ́ sí ara owó fàdákà ní nǹkan bí ọdún 47 ṣáájú ìbí Jésù. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti rọ owó náà, nígbà tí Caesar ń jagun ní àríwá rẹ̀.

Ó dáa, ká wálé. Ṣé o mọ̀ pé irú Troy kan wà nínú ìtàn àwọn tó ń gbé agbègbè Ifọ̀? Òwu ni mò ń wí. Ní àwọn ọdún 1820, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ataare ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tí wọ́n ní ó dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ jíjí èèyàn tà ti ń hó lábẹ́ rẹ̀. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú kóra jọ pẹ̀lú àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti tú nílé, wọ́n dó ti Òwu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àgédengbé ni Òwu fi ń jà. Ìjẹ̀bú ní ìbọn. Ìyàn mú nínú odi. Nígbà tí ìlú náà wó, wọ́n fi í gégùn-ún pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ dó mọ́. Àwọn ìlú Ẹ̀gbá náà tú tẹ̀lé e. Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ní 1830, Òwu sì bá wọn níbẹ̀ ní 1834. Láti Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tàn ká oko, tí wọ́n ń dá abúlé sílẹ̀ lọ sísàlẹ̀, títí dé Ìbógùn-Ọláògún ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifọ̀ òní. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sí, ọmọ Òwu tó di olórí orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mejì. Bí Ọbásanjọ́ bá jẹ́ ará Róòmù, akéwì kan ì bá ti wá a dé Ìbógùn láti wá fi ìran rẹ̀ hun ewì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Òwu dáadáa, kí ó wá ìwé tí Akin Mábògùnjẹ́ àti J. D. Omer-Cooper kọ ní 1971. Ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n ó kún.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnìkan ti so Troy àti Òwu pọ̀ ní gbangba? Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, ọmọ Ẹ̀rúnwọ̀n ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí. Ilé eré kan ní Chipping Norton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pé kó tún eré Euripides lórí àwọn obìnrin Troy ṣe. Kò lọ sí Troy. Òwu ló lọ. Eré náà, Women of Owu, bọ́ sórí ìtàgé ní 2004, ó sì di ìwé ní 2006. Erelú Àfin ló wà nípò ayaba Troy. Anlugbua, akọni Òwu tó di òrìṣà, ló wà nípò òrìṣà Gíríìkì. Ogun Ìráàkì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì hàn nínú eré náà pé ó wà lọ́kàn rẹ̀. Mo mọ̀ pé Gíríìkì ni Euripides, kì í ṣe ará Róòmù. Ṣùgbọ́n ogun kan náà ni, iná kan náà ni. Ibi tí Euripides ti fi àwọn obìnrin sílẹ̀ létí òkun ni Virgil ti mú àwọn ọkùnrin gba ojú omi lọ.

Ègún Òwu yẹn ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé Róòmù náà gé irú rẹ̀ fún ìlú ilẹ̀ Áfíríkà kan? Carthage ni, ní ibi tí Tùnísíà wà lónìí. Wọ́n dó tì í fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wó o ní 146 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n sì fi ègún dè é kí ẹnikẹ́ni má gbé ibẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Caesar fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n tún un kọ́. Ègún olóṣèlú, ẹ ò rí i.

Carthage yìí náà ni ìlú Dido, ayaba tí Aeneas bá pàdé, tó fẹ́ràn, tó sì já sílẹ̀ nítorí pé àwọn òrìṣà ní kó máa lọ. Dido alára ìsáǹsá ni: arákùnrin rẹ̀ pa ọkọ rẹ̀ nítorí owó, ó kó ẹrù, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi gba Áfíríkà wá. Ṣé o mọ̀ bó ṣe rí ilẹ̀? Ó bẹ àwọn onílẹ̀ pé kí wọ́n ta ìwọ̀n tí awọ màlúù kan bá lè yí ká fún òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Ló bá gé awọ náà wẹ́wẹ́ bí okùn, ó sì fi yí odindi òkè kan ká. Bí ó bá jẹ́ Mowé tàbí Ìbàfọ̀ ló ti dán an wò, àwọn ọmọ onílẹ̀ ì bá ní kó san owó ìpìlẹ̀, kó san owó òrùlé, kó tún wá fi ẹmu àti owó rí bàálẹ̀ kó tó fi ọ̀bẹ kan awọ. Màá sọ òótọ́: èmi ò rí ibòmíràn tí ìlà ewì Virgil yìí lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó ibẹ̀. Àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde, tí wọ́n wá ra ilẹ̀ lẹ́bàá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, mọ ohun tó wà nínú kí èèyàn wá ibi tí yóò fi orí lé.

Ṣé o mọ̀ pé Augustine mímọ́ sunkún nítorí Dido? Ọmọ Áfíríkà ni, Thagaste ní Àlùjéríà òde òní ni wọ́n bí i sí ní 354. Nínú ìwé tó fi jẹ́wọ́ ayé rẹ̀, ó ní òun dàrò obìnrin inú ewì tó pa ara rẹ̀ nítorí ìfẹ́, nígbà tí òun kò sunkún fún ọkàn òun tó ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà ni ó pè é. Èmi kà á bí ìyìn fún Virgil.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n fi Virgil dífá? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá á yóò ṣí ìwé náà láìwò ó, ìlà tí ìka rẹ̀ bá bà lé ni ìdáhùn. Wọ́n ní Ọba Charles Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò ní Oxford nígbà ogun abẹ́lé, ìlà tó sì jáde ni èpè tí Dido ṣẹ́ fún Aeneas. Ní 1649, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àfọwọ́fà ni tiwọn, ká má purọ́. Odù Ifá jẹ́ 256, babaláwo sì ti ní láti mọ ẹsẹ rẹ̀ sórí kí ó tó jókòó ti ọpọ́n. Ẹni tó kàn ṣí ìwé lójijì kò tíì kọ́ṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọbìnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó sọ Ovid di Gẹ̀ẹ́sì? Ovid ni akéwì Róòmù tó kọ Metamorphoses, apá 15, gbogbo rẹ̀ ìtàn àwọn tó yí padà di igi, di ẹyẹ, di òkúta. Ní 1761, ọkọ̀ ojú omi kan gbé ọmọdé kan dé Boston. Eyín iwájú rẹ̀ ń ká lọ́wọ́, wọ́n sì fi mọ̀ pé kò ju ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ lọ. Phillis ni orúkọ ọkọ̀ náà, òun ni wọ́n fi sọ ọ́. Wheatley ni orúkọ àwọn tó rà á. Ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ Látìnì. Ìwé ewì rẹ̀ jáde ní London ní 1773, àwọn ọkùnrin jàǹkànjàǹkàn 18 ní Boston sì ní láti fọwọ́ síwèé pé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́, nítorí ayé ò gbà gbọ́. Nínú ìwé náà, ó gbé ìtàn Niobe láti apá kẹfà Ovid: ìyá tó ní ọmọ 14, tí àwọn òrìṣà pa gbogbo wọn nítorí ìgbéraga rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn tó wà nínú apá 15 yẹn, ìtàn ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mú. Kò kọ àlàyé kankan sí i.

Ṣáájú rẹ̀, Juan Latino, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó dàgbà lẹ́rú ní Sípéènì, ti di olùkọ́ Látìnì ní Granada, ó sì tẹ ewì akọni jáde ní 1573 lórí ogun ojú omi Lepanto. Látìnì pọ́nbélé, ní ìlù Virgil. Òun kò túmọ̀ ohunkóhun; ó jókòó ti àwọn tó ni ín nídìí oúnjẹ, ó sì bá wọn jẹ ẹ́.

Ká yára sí i. Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Ireland ti sọ Aeneid di ìtàn ní èdè tiwọn kí Gẹ̀ẹ́sì tó ronú kàn án? Ṣé o mọ̀ pé Henry Howard, ìjòyè Surrey, tó túmọ̀ apá kejì àti ìkẹrin, ló dá irú ìlà aláìní-ìró-ìparí sílẹ̀ tí Shakespeare wá fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú eré rẹ̀? Ọba Henry Kẹjọ bẹ́ orí rẹ̀ ní 1547. Ṣé o mọ̀ pé ewì Látìnì tó gùn jù lọ nínú èyí tó ṣẹ́kù dá lórí Hannibal, ọ̀gágun Carthage? Silius Italicus ló kọ ọ́, apá 17, ó sì súni díẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé Petrarch, ará Itálì, kọ ewì akọni Látìnì kan tó sọ ní Africa?

Ti Dryden, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 1697, nígbà tí ìtumọ̀ Aeneid tirẹ̀ fẹ́ jáde, Jacob Tonson tó ń tẹ̀wé fẹ́ kó fi í júbà Ọba William Kẹta. Dryden kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba William ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dárí jì wọ́n. Tonson ò jà. Ó lọ bá àwọn oníṣẹ́ àwòrán, ó ní kí wọ́n tún imú Aeneas ṣe nínú gbogbo àwòrán inú ìwé náà kó rí kọdọrọ bíi ti ọba. Báyìí ni ọba ṣe wọ inú ìwé tí akéwì ní kò gbọdọ̀ wọ̀, láti ihò imú.

Kí ló wá dé tí ewì yìí kò gbó? Wọ́n á ní ó jinlẹ̀, ó dùn, ó wà fún gbogbo ayé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ohun tí èmi rí ni pé gbogbo ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ló ní ẹrù tirẹ̀ lórí, tó wá so ó mọ́ ẹ̀yìn Aeneas. C. Day Lewis túmọ̀ rẹ̀ fún rédíò BBC lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1952. Àwọn tó gbọ́ ọ ti rí ìlú tó jóná lójú ara wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn Láńrewájú Adépọ̀jù láti inú rédíò rí kò ní béèrè bóyá ewì gígùn lè dá èèyàn dúró lórí afẹ́fẹ́. Sarah Ruden, obìnrin tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ tó tẹ odindi rẹ̀ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ní 2008, gbìyànjú kí ìlà tirẹ̀ má pọ̀ ju ti Virgil lọ: ìlà kan fún ìlà kan. Seamus Heaney ará Ireland mú apá kẹfà nìkan, ibi tí Aeneas ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ tó ti kú. Bàbá tirẹ̀ náà ti kú nígbà tó wọ inú iṣẹ́ náà wọ̀ọ̀. Heaney kú ní 2013. Ìwé náà jáde ní 2016.

Èyí tó kàn wá jù lọ rèé. Ṣé o mọ̀ pé Awólọ́wọ̀ wà nínú ìtàn yìí? Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní Látìnì àti Gíríìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àkọlé abẹ́ àmì yunifásítì náà alára, inú ewì Horace ni wọ́n ti mú un. Akéwì Christopher Okigbo wọ ibẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó yà kúrò, ó sì gba oyè nínú ẹ̀kọ́ Látìnì àti Gíríìkì ní 1956. Lẹ́yìn náà ó di tíṣà Látìnì ní Fìdítì Grammar School, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Fojú inú wò ó: ọmọ Ojoto láti ilẹ̀ Ìgbò, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ Virgil sójú pátákó ní Fìdítì. Àwọn ìgbà yẹn náà ló mú ewì kìíní nínú ewì darandaran Virgil, tó sọ ọ́ di ewì igbó ilẹ̀ wa.

Palinurus ni orúkọ tí o ní láti mú dání. Nínú Aeneid, òun ni atukọ̀ Aeneas, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú lóru nígbà tí gbogbo ayé sùn. Àwọn òrìṣà ti fẹnu kò pé ẹ̀mí ẹnìkan ṣoṣo ni àwọn yóò gbà kí àwọn yòókù tó lè gúnlẹ̀ láyọ̀. Òrìṣà Oorun wá fi ẹ̀ka igi tútù wọ́n omi sí i lójú, ó sùn, ó bọ́ sómi pẹ̀lú ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́. Ó lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, àwọn ará ibẹ̀ sì pa á. Kò ní sàréè. Nígbà tí Aeneas bá a pàdé ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sin òun. Èbúté kan ní Itálì ṣì ń jẹ́ Palinuro títí dòní.

Ní 1963, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tó ti tukọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba láti 1954 sí 1959. Kí wọ́n tó dá ẹjọ́ náà, ní ọdún yẹn kan náà, Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, bá ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ lójú ọ̀nà. Okigbo gbé ìlù. Ewì tó kọ, Lament of the Drums, pe orúkọ Palinurus, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ẹ̀wọ̀n Awólọ́wọ̀ àti ikú ọmọ rẹ̀ ló ta òun jí sí i. Ọmọ Ìgbò, atukọ̀ Róòmù, ọ̀fọ̀ ilé Yorùbá. Àwọn òpìtàn ìṣèlú wa kì í dárúkọ ewì yìí, ó sì yẹ kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀. Èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí ọdún náà ṣe sí ọkàn àwọn èèyàn kedere tó o. Awólọ́wọ̀ jáde ní 1966. Okigbo kú lójú ogun ní 1967.

Lónìí, bí o bá wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun ní Kájọlà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifọ̀, tí o dojú kọ òkè, ìdúrókọ̀ Abẹ́òkúta tó wà níwájú rẹ ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, èyí tí ọkọ̀ yóò sì já ọ sí ní Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láti 2021 ni. Owó ọkọ̀ kò pọ̀ jù fún ẹni tó ń wá ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀.

Ṣóyínká ọ̀hún ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé òun náà ti gbé eré Euripides kan lọ sí National Theatre ní London ní 1973, tó sì fi àwọn ẹrú kún un kí ohùn wọn lè ròkè? Ọdún márùn-ún ṣáájú ìyẹn, ní 1968, ló ti gba ọ̀nà kejì: ó gbé ọdẹ D. O. Fágúnwà láti inú igbó irúnmọlẹ̀ lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. 1968 kan náà ni Ọlá Rótìmí sọ Oedipus di ọmọ Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún náà gbóná, ogun ń lọ lọ́wọ́, àwọn òǹkọ̀wé wa sì ń kó ìtàn wọlé, wọ́n ń kó ìtàn jáde.

Ó ku ọ̀kan. Ṣé o mọ̀ pé Aeneid kò ní ìparí gidi? Aeneas borí Turnus, ọ̀tá rẹ̀. Turnus bẹ̀bẹ̀. Ọkàn Aeneas ti fẹ́ rọ̀ nígbà tó rí ìgbànú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí Turnus pa, tó dì mọ́ra. Inú bí i, ó gún un, ewì dúró síbẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìlú tuntun, kò sí ohunkóhun. Èyí ò dùn mọ́ Maffeo Vegio, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Itálì kan, nínú. Ní 1428 ó jókòó, ó sì kọ apá kẹtàlá: wọ́n sin òkú, wọ́n ṣe ìyàwó, Aeneas gòkè ọ̀run. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ti Virgil.

Nígbà tí Gavin Douglas ará Scotland wá ń túmọ̀ ewì náà sí èdè ìlú tirẹ̀, ó ti pinnu pé apá 12 ti tó òun. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ kan, Vegio yọ sí òun lójú àlá, ó béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fi iṣẹ́ òun sílẹ̀. Douglas ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, àti pé Virgil ò nílò ẹsẹ̀ ọkọ̀ karùn-ún. Vegio ò bá a jiyàn mọ́; kùmọ̀ ló fà yọ, ó sì fi í lù ú dáadáa. Douglas jí, ilẹ̀ ti ń mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1513 ló parí gbogbo rẹ̀, apá kẹtàlá sì wà níbẹ̀.